Lẹ́ńsì Olówó Pọ́ọ́kú fún Yíya Ohun Tó Jìnnà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ọdún ìbílẹ̀ kì í ṣe ayàwòrán. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni à ń gbé kámẹ́rà jáde, kò sì yẹ kí a máa tì í bọ ojú àgbà tí ó ń ṣe ètùtù lọ́wọ́. Irú wa gan-an ni lẹ́ńsì tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni wúlò fún. Èyí tí kò wọ́n nínú wọn sì tó wa í lò, bí a bá ti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àlòkù ni mo ra tèmi nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó. A kọ 75–300 mm àti f/4–5.6 sí i lára. Ti ìṣáájú ń sọ bí ó ti lè fa nǹkan sún mọ́ni tó. Èkejì ń sọ bí ojú rẹ̀ ti lè là tó láti gba ìmọ́lẹ̀, bí nọ́ńbà náà bá sì ti ń kéré sí i ni ojú náà ń là sí i. Bí a bá fa lẹ́ńsì yìí dé 300, kò lè la ojú ju f/5.6 lọ. Lẹ́ńsì ràgàjì tí àwọn oníròyìn ń gbé kiri, tí ó lè la ojú dé f/2.8, ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. (Ẹ má ṣe béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́.)

Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí à ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, n kò rí àléébù rẹ̀ rárá. Gbangba ìta ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń dárà, oòrùn sì mú. Mo fi ISO sí 200, mo dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/8, nítorí pé àwòrán irú lẹ́ńsì báyìí kì í mọ́ kedere tó nígbà tí ojú rẹ̀ bá là tán. Ìdá kan nínú 800 ìṣẹ́jú-àáyá tó kámẹ́rà láti rí ohun gbogbo. Ṣaworo ọrùn ẹṣin ṣeé kà.

Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, òjò sì ṣú. Bí Arugbá ti ń kọjá láàárín èrò, mo fa lẹ́ńsì dé 300, mo ń tẹ kámẹ́rà léraléra. Ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi ń la ojú, bẹ́ẹ̀ òfin àwọn ayàwòrán ni pé ẹni tí ó fi ọwọ́ gbé lẹ́ńsì 300 kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ ju ìdá kan nínú 300 lọ, nítorí pé bí lẹ́ńsì ti ń sọ ohun tó jìnnà di ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ìwárìrì ọwọ́ di ńlá. Gbogbo àwòrán náà ṣe bàìbàì. Ó di àmọ́dún.

Láti ìgbà náà, bí ibẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, n kì í fa á kọjá 100. Mo ń gbé ISO lọ sí 3200, mo ń fi ẹ̀yìn ti igi, mo sì ń há ìgúnpá mọ́ ìhà. Àwòrán a máa rí wóró-wóró, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ń hàn nínú rẹ̀. Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wúlò níbẹ̀: ó lè mú ọwọ́ wa dúró, kò lè mú Arugbá dúró.

Nígbà tí ọdún bá parí, ẹ má ṣe ti lẹ́ńsì mọ́ inú àpò awọ títí di àmọ́dún. Ọ̀rinrin a máa mú kí ohun kan bí fọ́nrán òwú funfun hù sára gíláàsì rẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ fi í sí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun.