Kọ̀ǹpútà Tó Yadi: Ibi Tí Ohùn Máa Ń Yà Sí

Ní ọdún 1939, nígbà tí ìjọba amúnisìn fa okùn Rediffusion, rédíò tó ń gba inú okùn wọlé, wọ Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Èkó ti ní tirẹ̀, àpótí kékeré tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ilé àwọn tó rówó san kò ní ju bọ́tìnnì kan lọ, èyí tí a ń yí kí ohùn lè ròkè tàbí kó wálẹ̀. Bí àpótí náà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn: bóyá iléeṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ náà ni, bóyá okùn ló já, bóyá ọmọdé kan ló sì yí bọ́tìnnì dànù. Kọ̀ǹpútà inú ilé wa lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn tirẹ̀ ní láti kọjá ní oríta kó tó dé etí wa, gẹ́gẹ́ bí èrò tó dé oríta kan ní Ìbàdàn ṣe lè yà sí Bẹẹrẹ, kó pọ́n òkè Mápó, tàbí kó gba ibòmíràn lọ. Bí a kò bá sì rí i níbi tí a ti ń retí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti dé ibòmíràn ní àlàáfíà ara. Ohun tí mo ń sọ nìyí: ẹ̀rọ tí kò fọhùn kò fi bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà kò ní í tètè náwó lé e.

Orin fújì tàbí wáàsí tí a kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn rárá, òǹkà ni. Fún orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ bí ti àwo CD, òǹkà 44,100 ni ẹ̀rọ ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré fún etí ọ̀tún, yóò sì ka iye kan náà fún etí òsì. Ètò tí a fi ń gbọ́ orin ni yóò kó òǹkà wọ̀nyí fún Windows, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, Windows yóò dà wọ́n pọ̀ mọ́ ohùn yòówù tí ètò mìíràn bá ń mú bọ̀, yóò wá fi lé driver lọ́wọ́, ètò kékeré tó mọ bí a ti ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀. Káàdì yìí ni yóò sọ òǹkà di iná mànàmáná, tí iná yóò máa mi awọ sípíkà títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Sípíkà kékeré kan tó ń ké “píìn” ni ó ní. Iléeṣẹ́ AdLib mú káàdì ohùn tirẹ̀ wá ní 1987, iléeṣẹ́ Creative ti Singapore sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Sound Blaster ní 1989. Lónìí, ẹ̀rún kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ti Realtek ará Taiwan sì wọ́pọ̀ púpọ̀.

Ẹni tó bá ń wá ohùn tó sọnù, láti etí rẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa padà wọ inú ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé sípíkà gan-an wà ní títàn? Ṣé ojú ihò aláwọ̀ ewé ni a ki okùn rẹ̀ bọ̀, àbí ti pupa rẹ́súrẹ́sú, tó jẹ́ ti gbohùngbohùn? Lẹ́yìn náà ni kó wo àmì sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, bóyá ẹnìkan ti pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló sábà máa ń wà. Ibi àmì sípíkà yìí náà ni Windows ti ń to orúkọ gbogbo ibi tí ó lè rán ohùn lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí: okùn HDMI tí a fi so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n lè ti fa ohùn lọ sọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n, sípíkà Bluetooth tí ọmọ gbé lọ sí yàrá kejì sì lè máa kọrin fún ògiri níbẹ̀.

Lẹ́bàá Ọjà'ba ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń da orin sí mẹ́mọ́rì káàdì fún oníbàárà, mo rí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ilà tó ń fi hàn pé orin ń lọ ń fò sókè sódò lójú rẹ̀. Àlàájà tó ń dúró de káàdì rẹ̀ béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé wáàsí ọ̀hún wà níbẹ̀ ṣá?” Ọmọkùnrin náà ní, “Ó wà níbẹ̀, ìyá. Ẹ ṣáà fún mi ní sùúrù díẹ̀.” Ó fi íápíìsì bọ ihò, ó fi sí etí, wáàsí ń lọ geere, ó yọ ọ́, kẹ́kẹ́ pa, kọ̀ǹpútà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé íápíìsì ṣì wà lára òun. Irin tín-ín-rín kan wà nínú ihò náà tí orí íápíìsì máa ń tì sẹ́yìn bó bá wọlé, nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé kí òun ti ilẹ̀kùn mọ́ sípíkà. Eruku ọyẹ́ ló há irin yìí mọ́bẹ̀. Ọmọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò, ó ń ki íápíìsì bọ̀ ó ń yọ ọ́ títí. Nígbà tí ó tún tàn án, ohùn àáfà bú jáde, Àlàájà sì ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ro ihò yìí o. Irin tí a bá ṣẹ́ nínú rẹ̀ kò ní í padà sípò.

Ká ní íápíìsì náà kò sọ̀rọ̀, ọ̀ràn ì bá ti kúrò lára sípíkà, ì bá di ti driver tàbí ti káàdì. Kíákíá ni àwọn kan yóò dábàá fọ́ọ̀mátì, ìyẹn ni pé kí a nu gbogbo inú ẹ̀rọ kúrò, wọn kì í sì í rántí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́ọ̀mátì gan-an ló máa ń sọ ẹ̀rọ mìíràn di odi, nígbà tí wọ́n bá fi Windows tuntun sí i tí wọn kò sì wá driver tó bá káàdì rẹ̀ mu. Inú Device Manager ti Windows, níbi tí orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wà, ni a ti ń rí i: àmì òfeefèé yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ káàdì, tàbí kí orúkọ náà má tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti gba driver, kí ẹ wá a pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí Windows tún ara rẹ̀ ṣe ni ìdákẹ́jẹ́ dé, ibẹ̀ kan náà ni a ti lè dá driver ti àtijọ́ padà. Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: wọn a fi Ubuntu, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, sínú fíláàṣì, wọn a tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows. Bí ohùn bá jáde, ara ẹ̀rọ le koko, inú Windows ni àìsàn wà.

Bí kò bá jáde níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà ara ti kú ní tòótọ́. Iná jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe ségesège lè pa káàdì, tíì tó dànù lè pa á. Àwa fúnra wa la sì ń ya awọ sípíkà láptọ́ọ̀pù, nígbà tí a bá gba ètò orin VLC láàyè láti gbé ohùn kọjá 100 kí orin lè borí ariwo ọjà. Sípíkà ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rún ara pátákó ló kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pátákó tuntun fún yín: káàdì ohùn USB wà tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tó gbé ẹ̀rún tirẹ̀ dání, tó sì ní ihò íápíìsì lára. Ẹ ki káàdì náà bọ ojú USB, ẹ so sípíkà mọ́ ọn, kí ẹ sì yan orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ibi tí Windows lè rán ohùn lọ.