Owó Ẹyọ: Owó Tí Oníbodè Ń Gbà

Owó ẹyọ lórí okùn. Èkìtì.

Wo ẹ̀yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan: wọ́n ti lu ú, kí okùn lè gbà á kọjá. Ogójì ló wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ẹrù orí odindi ènìyàn kan.

Láyé owó ẹyọ yìí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹgbẹ́: alágbẹ̀dẹ ní olórí tiwọn, ahunṣọ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n kí ọkọ́, aṣọ tàbí ìkòkò Ìṣàn-Èkìtì tó wọ ọjà ìlú mìíràn, oníbodè ti na ọwọ́ fún owó ibodè. Nígbà tí Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú Èkìtì, ìṣákọ́lẹ̀ tún gorí rẹ̀. Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó bí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì (1877–1893).

Lónìí ní Adó-Èkìtì, télọ̀ àti kápẹ́ńtà ṣì ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Òfin 21 ti Nàìjíríà ní ọdún 1998 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti gba owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà. Okùn ẹyọ ti di rìsíìtì.