Wàláà Tọ́ Kí Ó Wọ Kíláàsì Ọnà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé níhìn-ín ní Ganaja, létí odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ gbogbo, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá fẹ́ ṣe ètò ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ ọnà Ìsìláàmù, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Púpọ̀ nínú ìwé òyìnbó yóò mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù, sí Ilé Àpáta olórùlé rìbìtì tí ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 691, lẹ́yìn náà sí Kọ́dóbà ní Spéènì, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Taj Mahal ní Íńdíà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀sẹ̀ bá tán sórí wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ganaja lọ yóò gbà pé àlejò ni òun nínú ọ̀ràn náà.

Ìtòsí wa kò ṣófo. Àwọn Núpé Bídà ń fi idẹ àti gíláàsì dárà. Ní Sáríà, Babban Gwani Mikaila fi amọ̀ àti igi azara gbé òrùlé mọ́sálásí ró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Èkó, ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, 1894. Ọnà Bràsíl nínú ilé ìjọsìn Mùsùlùmí! Ó tó àríyànjiyàn odidi ọjọ́ kan: kí ni ó ń sọ iṣẹ́ di ti Ìsìláàmù, ṣé ọwọ́ tí ó ṣe é ni, àbí ìlò tí a ń lò ó?

Lójú tèmi, wàláà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, pátákó tí ọmọ ilé-kéú ń fi gègé àti tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sí. Ìkọ̀wé orí rẹ̀ bá ti àwọn ará Mọ̀rókò tan. Bí ọmọ bá ti mọ ẹsẹ náà lórí, a ó fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà mìíràn, a ó mu omi rẹ̀ ní hàǹtú. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní ọnà tí a ṣe kí a lè fọ̀ ọ́ nù?

Omíyalé bo Ganaja ní 2012, ó sì tún bò ó ní 2022. Wàláà àti ìwé àfọwọ́kọ tí omi bá bà jẹ́ nínú ilé, ta ni yóò dá a padà? Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àròkọ. Kí ó lọ bá àfáà àdúgbò rẹ̀, kí ó tọrọ àyè, kí ó ya fọ́tò wàláà kan, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sílẹ̀, kí Ọya tó tún kún.