Ọ̀ta àti Òpè Lójú Sánmà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìpolówó Eré Ìjà Òfuurufú ní Ìkirè àti Àpòmù

Ẹni tí ó bá fẹ́ polówó eré ìjà ọkọ̀ òfuurufú orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́ Ìkirè àti Àpòmù ní láti kọ́kọ́ mọ orúkọ tí yóò pè é. Ìkirè fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ níhìn-ín. Dòdò wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ bá ti pe “dòdò Ìkirè”, arìnrìn-àjò ti mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n kẹ́kẹ́, tí ó ní ata, tí a dín títí ó fi dúdú ni. “Eré kọ̀ǹpútà” lásán kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. “Eré ìjà òfuurufú àjùmọ̀ṣe” sàn jù, nítorí pé ọ̀tá tí ènìyàn ń bá jà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ènìyàn bíi tirẹ̀ ni, ní ìlú mìíràn.

Irú eré yìí ti pẹ́. Air Warrior, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Kesmai ní Amẹ́ríkà, ti wà ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń ná òṣèré lówó. Aces High dé ní 2000. War Thunder, tí kò gba owó ìwọlé, dé ní 2012. Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ni ó ń lé àlejò. Níbi tí òṣèré kò bá pọ̀, kò sí bí a ṣe lè ya akọ́ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògbólógbòó. Ẹni tuntun yóò kú lẹ́ẹ̀mẹwàá lálẹ́ kan, kò ní mọ ohun tí ó pa á, kò sì ní padà wá.

Ìdí ọpọ́n ayò ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu wà: ọ̀ta àti òpè. Òpè kì í ṣe orúkọ ìtìjú títí láé. Òpè tí ó bá jókòó ti ọ̀ta pẹ́ a máa di ọ̀ta. Bí ìpolówó bá sọ ọ́ gbangba pé ọ̀ta pọ̀ níbẹ̀, pé òpè yóò sì kọ́kọ́ jìyà, ẹni tí ó ti wòran ayò rí mọ ohun tí òun ń lọ bá.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù ni ti ọkọ̀ tí ó ń já bọ́ nígbà tí a gbé imú rẹ̀ sókè jù. Ẹni tí ó bá pè é ní “kíkú ẹ́ńjìnnì” ti ṣi òpè lọ́nà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Nígbà tí igun tí apá ọkọ̀ fi ń dojú kọ afẹ́fẹ́ bá kọjá nǹkan bíi dígíríì 15, afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn gẹ́rẹ́ lórí apá náà yóò já kúrò lára rẹ̀, agbára tí ń gbé ọkọ̀ ró yóò sì dín kù lójijì. “Ìjákulẹ̀ apá” ni ó tọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa tẹná mọ́ ọn, yóò sì tún fa ọ̀pá ìtukọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó gbọ́ ti apá yóò tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọgbà Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà, yẹ fún ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kí ìpolówó má sì fi dátà pamọ́: ọ̀pọ̀ gígábáìtì ni eré bíi War Thunder ń gbà kí ọkọ̀ kankan tó gbéra.