Suriname: Èdè Dutch ló ni ilé-ẹ̀kọ́, àwọn èdè yòókù ló ni ilé àti ọjà

Bí a bá dárúkọ Họ́láǹdì létí àwọn ìyá wa, aṣọ àǹkárá olówó ńlá ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kó aṣọ náà wá ni Netherlands, èdè tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ là ń pè ní Dutch. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìhà àríwá Brazil, tó jẹ́ pé èdè Dutch yìí kan náà ni ìjọba ibẹ̀ fi ń ṣe ohun gbogbo. Suriname ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 600,000 lọ, gbogbo wọn pátá kò tó àwọn tó wà ní ìlú Ìbàdàn nìkan. Síbẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Báwo ni ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ilé ọ̀pọ̀ èdè báyìí? Òwò ẹrú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dá oko ìrèké sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bíi 1651. Ní 1667, lẹ́yìn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Dutch bára wọn jà, wọ́n jókòó ní ìlú Breda, wọ́n sì fẹnu kò. Suriname di ti àwọn Dutch, ibi tí à ń pè ní New York lónìí sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Lójú àwọn Dutch nígbà náà, àwọn ló jẹ èrè pàṣípààrọ̀ yẹn, nítorí owó ń bẹ nínú ṣúgà. Ṣùgbọ́n kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó ẹrù wọn kúrò, àwọn ẹrú tó wà ní oko wọn ti mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi ìlànà èdè ilẹ̀ Áfíríkà tò ó, wọ́n sì ti fi bẹ̀rẹ̀ èdè tuntun kan tí wọ́n lè fi gbọ́ ara wọn yé. Ohun tó di Sranan Tongo nìyẹn. Sranan ni orúkọ tí wọ́n ń pe Suriname, tongo sì ni ahọ́n.

Ẹni tó bá ti gbé Wárì tàbí Sàpẹ̀lẹ̀ rí kò ní ṣàjèjì sí èdè yìí rárá. Pikin ni wọ́n ń pe ọmọ. Sabi ni kí èèyàn mọ nǹkan. Nyan ni kí wọ́n jẹun, watra ni omi, waka sì ni ìrìn. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá pàdé ní ìgboro Paramaribo tí í ṣe olú-ìlú wọn, ohun tí ọ̀kan máa sọ fún èkejì ni "Fa waka?" ìyẹn ni pé báwo ni nǹkan ṣe ń lọ. Unu tí wọ́n fi ń sọ "ẹ̀yin" tàbí "àwa" sì jọ ti àwọn ará Ìgbò débi pé àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ló bá tiwa mu o. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "A teki a nefi koti a brede." Bí a bá tú u sí Yorùbá bí ó ṣe wà, ohun tó ń sọ ni pé ó mú ọ̀bẹ gé búrẹ́dì náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló tẹ̀ lé ara wọn, "mú" àti "gé", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa? Òyìnbó kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "A" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà sì dà bíi "ó" tiwa, kò bìkítà bóyá ọkùnrin là ń sọ tàbí obìnrin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé àwọn Yorùbá ló dá èdè náà sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa kò pọ̀ ní Suriname bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Brazil àti Cuba. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, tí iye wọn lé ní 200,000 láàárín ọdún wọ̀nyẹn, láti etí òkun Gánà, Togo àti Benin òde òní ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú àwọn tó ti ìhà Kóńgò wá. Àwọn Fọ̀n, àwọn Ewe àti àwọn ìbátan wọn, tí í ṣe aládùúgbò wa tí a bá Ègùn Àgbádárìgì pàdé láàárín wọn, ló fi ọwọ́ tó lágbára jù lọ sára èdè náà. Nítorí bí èdè wọn ṣe sún mọ́ tiwa ní ìlànà la ṣe ń gbọ́ ohùn ilé nínú ọ̀rọ̀ ará Suriname.

Àwọn tó sá wọ igbó

Gbogbo ẹrú kọ́ ló dúró sí oko. Láti ìparí àwọn ọdún 1600 ni àwọn kan ti ń sá wọ inú igbó kìjikìji, tí wọ́n ń tẹ̀ lé odò lọ sókè ibi tí ọ̀gá wọn kò lè débẹ̀. Wọ́n dá ìlú sílẹ̀, wọ́n ní ọba àti ìjòyè, wọ́n sì ń padà wá kọlu oko láti kó ìbọn àti láti gba àwọn ènìyàn wọn. Ogun náà wọ àwọn Dutch lára débi pé àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Ní 1760 ni wọ́n bá àwọn Ndyuka mulẹ̀, wọ́n sì bá àwọn Saamaka ṣe tiwọn ní 1762. Ẹ rántí pé ọdún 1863 ni wọ́n tó fòpin sí ẹrú ní Suriname. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wọ̀nyí fi gba òmìnira ṣáájú àwọn yòókù.

Èdè Saamaka ló jọ mí lójú jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Potogí náà sì pọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní oko àwọn Júù tó ń sọ Potogí ló ti wá. Ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí tiwa. Bí ará Saamaka bá gbé ohùn sókè tó ní "dá", kí wọ́n fún èèyàn ní nǹkan ló ń wí. Bí ó bá sọ ohùn kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, ó ti di "jẹ́". Wọ́n ní "gb", wọ́n sì ní "p" tiwa yìí, irú èyí tó wà nínú "pátápátá" tó máa ń lọ́ òyìnbó lẹ́nu. Ta ló kọ́ wọn nínú igbó yẹn? Àwọn òbí wọn tó gbé e wá láti Áfíríkà ni.

Ọkùnrin Ndyuka kan tó ń jẹ́ Afaka Atumisi tilẹ̀ ṣe ohun tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ní nǹkan bíi 1910, ó sọ pé ẹ̀mí kan yọ sí òun lójú àlá, ó sì fi ọ̀nà ìkọ̀wé hàn án. Àmì 56 ni ó tò jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dúró fún sílébù kan. Ó fi kọ lẹ́tà. Kò tàn ká púpọ̀, àwọn díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kà títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ló ṣe é.

Àwọn tó wá fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́

Nígbà tí ẹrú tán, àwọn olóko ń wá ẹni tí yóò gé ìrèké. Wọ́n ti ń kó àwọn ará Ṣáínà wá láti 1853. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1873, ọkọ̀ ojú omi Lalla Rookh kó àwọn ará Íńdíà àkọ́kọ́ dé, nígbà tí yóò sì fi di 1916, nǹkan bíi 34,000 ti wá. Orí ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́. Onírúurú èdè abúlé ni wọ́n gbé wá, Bhojpuri àti Awadhi ló pọ̀ jù, ìwọ̀nyí sì dà pọ̀ mọ́ra di èdè kan tí wọ́n ń pè ní Sarnami. Ẹ kò ní gbọ́ ọ ní Íńdíà. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ni ín gan-an ń fojú kéré rẹ̀. Hindi ni wọ́n fi ń gbàdúrà, Dutch ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́, Sarnami wá di ohun tí a fi ń pe ọmọ wá jẹun. Àfi ìgbà tí dókítà oníṣègùn kan tó tún jẹ́ akéwì, Jit Narain, fi Sarnami kọ ìwé ewì ní 1977. Orúkọ oúnjẹ ilé wọn ló fi sọ ìwé náà, Dal bhat chatni, ìyẹn ẹ̀wà, ìrẹsì àti ata.

Àwọn ará Java ló tẹ̀ lé wọn, láti 1890 títí di 1939. Nǹkan bíi 33,000 ni wọ́n, láti Indonesia tó wà lábẹ́ àwọn Dutch nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí máa yé Yorùbá dáadáa. Nínú èdè Java, èdè tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ, ó ju "ẹ" àti "o" tiwa lọ fíìfíì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń pààrọ̀. Ní Suriname, èdè ọ̀wọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ pàdánù. Wọ́n gbọ́ Java, wọ́n ń fi ṣeré láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà bá wọlé, ńṣe ni ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ sínú Dutch, kí ẹnu wọn má baà ṣìwà hù. Àrà mérìíyìírí rèé o, pé èdè òyìnbó ló wá di ibi ìsádi ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà!

Ẹgba fún ẹni tó bá sọ èdè ilé

Ní 1876, ìjọba amúnisìn sọ ilé-ẹ̀kọ́ di dandan, wọ́n sì ní Dutch nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ni. Láti ìgbà náà ni ọmọ tó bá sọ Sranan nínú kíláàsì ti ń jìyà. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n san owó ìtanràn "fànákúlà" nígbà èwe mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn òbí gan-an ń bá ọmọ wí nílé pé èdè aláìmọ̀wé ni. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn oníwàásù Moravian tó ti wà níbẹ̀ láti 1735 ti ń fi Sranan wàásù, Májẹ̀mú Tuntun sì ti jáde ní èdè náà ní 1829. Ọlọ́run gbọ́ Sranan, tíṣà ni kò fẹ́ gbọ́.

Tíṣà kan ló wá gbé ìjà náà. Julius Koenders, tí wọ́n ń pè ní Papa Koenders, ń ṣe ìwé ìròyìn kan jáde láti 1946 sí 1956. Foetoe-boi ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ọmọ iṣẹ́ tí à ń rán níṣẹ́. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kò sí ohun tó ṣe èdè náà, ojú tí àwọn tó ni ín fi ń wò ó ló bàjẹ́. Tíṣà mìíràn tó ń jẹ́ Henri de Ziel, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Trefossa, fi Sranan kọ apá kan orin orílẹ̀-èdè wọn ní 1959. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1975, orin yẹn ni wọ́n kọ. Ìgbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2022, tí olórí ìjọba Netherlands, Mark Rutte, dúró tọrọ àforíjì nítorí òwò ẹrú, ó fi Sranan kún un. Èdè tí wọ́n fi ń na ọmọdé ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀.

Síbẹ̀, Dutch nìkan ni òfin mọ̀ ní Suriname títí dòní. Láti 2004 ni wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bójú tó èdè náà pẹ̀lú Netherlands àti Belgium. Ètò ìkànìyàn ọdún yẹn fi hàn pé ó kù díẹ̀ kí àwọn ìdílé tó ń fi Dutch ṣe èdè ilé àkọ́kọ́ tó ìdajì. Ọmọ Saamaka tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́bàá odò rẹ̀ ń bá pàdé èdè tí ìyá rẹ̀ kò sọ sí i rí, kò sì yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú wọn ń tún kíláàsì kan náà ṣe. Ogun abẹ́lé 1986 sí 1992 ló lé ọ̀pọ̀ Ndyuka àti Saamaka wá sí ìlú ńlá. Ìkànìyàn 2012 ka àwọn ọmọ ẹrú tó sá wọ igbó ní iye tó lé ní 117,000, èdè wọn sì ti ń dún ní ọjà Paramaribo.

Àwọn onílẹ̀ ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni rèé. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kí Dutch tó dé, àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ọ̀kan nínú wọn, àwọn Surinen, ni wọ́n ti mú orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Iye gbogbo àwọn onílẹ̀ ní 2012 lé díẹ̀ ní 20,000. Àwọn Lokono àti Kali'na ń gbé nítòsí etí òkun, ojú títì tó lọ sí ìlú ńlá kò jìnnà sí wọn, ilé-ẹ̀kọ́ sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn tipẹ́. Àwọn arúgbó ló kù tó ń sọ Lokono. Bí ìyá àgbà méjì bá ń fi ṣàwàdà, ọmọ ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kali'na sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti Sranan kò lọ́wọ́ nínú ẹwà èdè. Àjèjì méjì tó pàdé lọ́jà nílò Sranan: ará Java tó ń ta ọjà fún ọmọ Íńdíà, awakọ̀ tó gbé ará Ṣáínà, àti ará Brazil tó wá wa wúrà. Kò sí àjèjì tó nílò Lokono. Ìyá àgbà nìkan ló ni ín.

Àwọn Trio àti Wayana tó wà ní gúúsù, nítòsí ààlà Brazil, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí títì tó dé Kwamalasamutu, ìlú àwọn Trio. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń gbé èèyàn lọ, ọmọdé ibẹ̀ sì ń fi èdè bàbá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn Akuriyo, ọwọ́ díẹ̀ àwọn ọdẹ tó ń ṣí kiri inú igbó, tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá bá àwọn Trio gbé ní nǹkan bíi 1970, Trio ni àwọn ọmọ wọn ń sọ báyìí. Iye àwọn tó ṣì gbọ́ Akuriyo kò tó ohun tí èèyàn ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì kà.