Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò àti Ẹ́ńjìnnì Adámí nínú Ọkọ̀ Asáré: Iye Agbára Nìkan Kọ́ ni Òṣùwọ̀n

1. Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ asáré bá ń jiyàn lórí irú ẹ́ńjìnnì tí ó dára jù, iye agbára-ẹṣin tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Èrò wa nínú bébà yìí ni pé ẹ̀rí náà kò tó. Ohun méjì ni ó ya àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sọ́tọ̀: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú wọn, àti àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí awakọ̀ tẹ epo àti ìgbà tí agbára dé ibi táyà.

2. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́

Epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, iye afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú sìlíńdà ni ó ń pinnu iye epo tí a lè jó níbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì kan, pístìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Èyí ni a ó máa pè ní ẹ́ńjìnnì adámí. Bí a bá fẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, a ní láti mú sìlíńdà rẹ̀ tóbi sí i, tàbí kí a jẹ́ kí ó máa yí kánkán sí i.

Ti onítọ́bò yàtọ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ ni ó ń yí èkíní. Èkejì ń bá a yí, ó sì ń ki afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀fẹ́ ni agbára yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Abẹ̀bẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà èéfín ń mú kí pístìnnì lo agbára díẹ̀ sí i láti tì í jáde. Afẹ́fẹ́ tí a kì pọ̀ a sì máa gbóná. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, epo lè gbiná fúnra rẹ̀, kí ó sì ba pístìnnì jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ tutù sí ojú ọ̀nà. Ní àfikún, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì yí kánkán, èéfín kò pọ̀ tó láti yí abẹ̀bẹ̀. Awakọ̀ yóò tẹ epo, agbára yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé.

3. Ẹ̀rí láti inú eré ìje

Láti 1966, òfin Formula 1 fi àyè gba ẹ́ńjìnnì adámí lítà 3, tàbí èyí tí a ń ki afẹ́fẹ́ sí tí kò ju lítà 1.5 lọ. Renault ni ó kọ́kọ́ gbé onítọ́bò wá, ní Silverstone ní 1977. Ọkọ̀ náà ń bàjẹ́ léraléra, ó ń rú èéfín, débi pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkòkò tíì ni. Ṣùgbọ́n ní 1979, ní Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà, Jean-Pierre Jabouille fi í gba ipò kìíní níbi ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Kyalami fi nǹkan bí mítà 1,500 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́; ẹ́ńjìnnì adámí pàdánù agbára tí tọ́bò lè dá padà. Ní ọdún kan náà ni ó borí ní Dijon. Ní 1988, McLaren tí ó lo ẹ́ńjìnnì onítọ́bò ti Honda borí nínú ìdíje 15 nínú 16. Ní 1989, òfin lé tọ́bò jáde. Ó padà wọlé ní 2014.

4. Ẹ̀rí láti ojú títì

Porsche 911 Turbo ti 1975 ní agbára-ẹṣin 260, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Bí agbára tí ó pẹ́ bá ya dé lójijì láàárín kọ́nà, táyà ẹ̀yìn lè yọ̀, kí ọkọ̀ sì yí po. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: awakọ̀ rẹ̀ ní láti mọ̀ ṣáájú ibi tí agbára yóò ti bá a.

Ọkọ̀ Ferrari méjì fi ọ̀rọ̀ náà hàn dáadáa. 458 Italia ti 2009 jẹ́ adámí lítà 4.5, agbára-ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 570 nígbà tí ó bá ń yí ní ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. 488 GTB ti 2015 jẹ́ lítà 3.9, ó ní tọ́bò méjì, agbára-ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 670 ní ìyípo 8,000. Agbára tí ẹ́ńjìnnì 458 fi ń lọ́ ọ̀pá rẹ̀ dé góńgó, 540 Nm, ní ìyípo 6,000; ti 488 dé 760 Nm ní ìyípo 3,000 péré. Lórí ìwé, ìjà ti parí. Síbẹ̀, Ferrari fi kọ̀ǹpútà dín agbára yìí kù nínú àwọn jíà ìsàlẹ̀; jíà keje nìkan ni 760 náà ti ń jáde tán. Ìdí ni pé wọ́n fẹ́ kí agbára máa gòkè díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti adámí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé onítọ́bò borí ní ti iye agbára, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́lẹ́ tàbí tí òfin bá dín ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kù. Adámí ni ó ṣì jẹ́ àwòkọ́ṣe ní ti bí agbára ti ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹni tí yóò bá fi wọ́n wé ara wọn gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: agbára náà tó mélòó, ìyípo wo ni ó ti ń dé, báwo ni ó sì ti ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí a bá tẹ epo? Èkíní nìkan ni agbára-ẹṣin inú ìwé ọkọ̀ dáhùn.