Ọmọ Yín Ń Bàlágà, Ẹ Má Fi Ẹ̀sùn Kàn Án

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan lónìí. Lọ́jọ́ tí ẹ rí i pé ọmú ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 9, ti ń yọ, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àní ilé àwọn tí kì í pa ìsìn jẹ, ohun tí ìyá ń bèèrè ni pé, “Ta ló ń bá ọ tẹ ọmú?” Ọmọ á bú sẹ́kún. Kò mọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ọkùnrin kọ́ ní ń mú ọmú yọ. Inú ọpọlọ ni ìbàlágà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní hypothalamus. Ó ń tú họ́mọ̀nù kan jáde díẹ̀díẹ̀. Họ́mọ̀nù yìí á jíṣẹ́ fún pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Pituitary náà á tú họ́mọ̀nù tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ilé ẹyin obìnrin tàbí kórópọ̀n ọkùnrin. Nígbà náà ni ọmú ọmọbìnrin á yọ, tí ìbàdí rẹ̀ á fẹ̀. Kórópọ̀n ọmọkùnrin á tóbi, ohùn rẹ̀ á sì ki. Òru ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ń pọ̀ jù, nígbà tí ọmọ ń sùn.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà rí àwọn ènìyàn tí kò bàlágà, nítorí pé láti inú oyún ni ọpọlọ wọn kò ti lè gba iṣẹ́ tí họ́mọ̀nù kan, kisspeptin, ń jẹ́ fún un. Ẹ ò rí i pé inú lọ́hùn-ún ni kọ́kọ́rọ́ wà!

Oúnjẹ àti ìlera ní ipa tiwọn. Ọmọ tí ebi ń pa, tàbí tó ń ṣàìsàn lọ títí, lè pẹ́ kí ó tó bàlágà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS sábà máa ń pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má sọ pé ayé ló dì í. Bí àtọ̀ bá sì dà lára ọmọkùnrin lójú orun, iṣẹ́ họ́mọ̀nù ni. Ẹ má pè é ní ẹ̀mí òkùnkùn.

Ìbàlágà obìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13, ti ọkùnrin láàárín 9 sí 14. Bí ó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá, láti ìgbà tí ọmú bá yọ, ó sábà máa ń tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé. Àkókò tí ẹ ní láti bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ nílé ìwé, kí ó máa rò pé òun fẹ́ kú. Ẹ má sì sọ pé bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn án, oyún dé. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní gba òótọ́ yín gbọ́ mọ́.

Lóòótọ́, àwọn ènìyàn burúkú wà tí ń ba ọmọ jẹ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi ẹ̀sùn kan ọmọ yín. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti pè ní oníṣekúṣe nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, ta ni yóò sá tọ̀ lọ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fọwọ́ bà á ní tòótọ́?

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sọ fún un pé, “Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí, ó ṣe èmi náà rí.” Ẹ jẹ́ kí ó bèèrè ohun tó bá fẹ́, kí ẹ sì dá a lóhùn.